Pọ́ùn 95 Lórí Fíríìjì Tí Kò Bàjẹ́

Pọ́ùn 95 ni ọkùnrin tó wá tún fíríìjì inú káráfáànù wa (ilé onítáyà tí mọ́tò ń fà) ṣe gbà lọ́wọ́ mi, kò sì tún nǹkan kan ṣe. Ó tan gáàsì rẹ̀, ó jókòó ti fóònù ara rẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ó ki ọwọ́ bọ inú fíríìjì, ó ní ó ti ń tutù. Ó wá bi mí pé níbi tó ti kọ̀ tí kò tutù, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú? Mo ní Wales ni, òkè ni gbogbo ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ rìsíìtì fún mi.

Ní Wales yẹn, ẹran ewúrẹ́ kílò mẹ́ta àti odindi abọ́ ọbẹ̀ ata la dà nù. Ìyá Ìbejì ti dín ẹran yẹn tán láti Manchester o! Èmi pàápàá ti ń wo fíríìjì tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ju ẹgbẹ̀rún pọ́ùn lọ, díẹ̀ ló kù kí n sanwó.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo ń ra káráfáànù àlòkù yìí ni pé fíríìjì inú rẹ̀ ò rí bíi ti ilé. Kò ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri nínú fíríìjì ilé. Iná ló ń mú omi tí wọ́n po mọ́ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ammonia gbóná. Ammonia yẹn á di oru, á gòkè, á tún di omi, á wá máa ṣàn bọ̀ wálẹ̀ nínú páìpù bí òjò ṣe ń ṣàn lórí páànù. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tì í. Bí káráfáànù bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi náà á dúró sójú kan, fíríìjì á máa jẹ gáàsì lásán, ẹran yín á máa rà.

Ìgbà kejì tí a jáde, oṣù Kẹjọ, ẹ̀bá Bakewell ní Derbyshire, mo gbáradì bí ẹni ń lọ ogun. Bí wọ́n ṣe ń so káráfáànù mọ́ mọ́tò, mi ò ní sọ ìyẹn, ẹni tó bá fà á dé ibùdó ti mọ̀ ọ́n. (Ọpẹ́lọpẹ́ òfin ìwakọ̀ Britain tó yí padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Kó tó dìgbà náà, àwa tí a gba láísẹ́ǹsì láti 1997 síwájú, ìdánwò mìíràn la máa ṣe ká tó lè fa káráfáànù tó wúwo.) Ètò bí ẹ ó ṣe mú un tẹ́jú ò le. Ọ̀tún àti òsì lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kúrò lára mọ́tò: táyà tó bá relẹ̀ ni kó gun ike onígẹ̀ẹ́rẹ́. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sídìí táyà bíi ti ọmọ ọkọ̀ mólùè, ẹ tú u, ẹ fi táyà kékeré iwájú gbé imú rẹ̀ sókè tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ irin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Èmi lo wákàtí méjì àti ààbọ̀, nínú òjò.

Ẹni tó ta káráfáànù náà fún wa ti lẹ lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré kan, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú, mọ́ irin iwájú, omi aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ róbótó bí ẹyin ẹja sì ń sáré kiri nínú omi náà; tó bá dúró láàárín, ó tẹ́jú nìyẹn. Mo gbára lé e. Ìyá Ìbejì dúró tì í, èmi wà nídìí mọ́tò. “Bàbá Ìbejì, ẹ máa bọ̀... ẹ máa bọ̀... ó tó!” Afẹ́fẹ́ náà wà láàárín gbọnrangandan. Orí mi wú. Mo tú u, mo tún iwájú ṣe, mo sọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ìbejì wọlé tó fi pè mí: “Ẹ wá wo nǹkan.” Ó ti da omi ife kan sínú síńkì, omi náà sá lọ sí igun, kò yà sọ́dọ̀ ihò. Mo ní bí wọ́n ṣe kan síńkì yẹn ló wọ́. Ó nawọ́ sí bọ́ọ̀lù Kẹ́hìndé tó ń dá yí lọ sídìí ilẹ̀kùn. “Bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́, wọ́n kan òun náà ni?”

Mo ká ẹsẹ̀ irin sókè, mo so káráfáànù padà mọ́ mọ́tò, mo fà á sọ̀ kalẹ̀ lórí ike, mo tún jẹ́ kó gun ike náà. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ní àárín ni. Omi lọ sí igun yẹn náà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, inú bí mi, mo ní kí n fi ẹsẹ̀ igun tó relẹ̀ gbé e sókè bíi jáàkì. Ẹ má dán an wò! Torí kí ilé má baà máa mì tí ẹ bá ń rìn nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn síbẹ̀, wọn ò lè ru ẹrù. Mo gbọ́ tí ara káráfáànù dún kẹ́rẹ́ẹ́, ilẹ̀kùn ò sì pa dé mọ́. Sáré ni mo tú u sílẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan tó wà nítòsí wa ló gbà mí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì gígùn bíi ti bíríkìlà wá, ó gbé e lélẹ̀ nínú ilé, lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó. Ó yí i po, ibi tó kọjú sí ilẹ̀kùn di ibi tó kẹ̀yìn sí i, ó tún wò ó. Ohun kan náà ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sọ nígbà méjèèjì. Bàbá náà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó bá sọ̀rọ̀ méjì, irọ́ ló ń pa. Tiwa tó wà lára irin, kò ṣeé yí, torí náà kò sẹ́ni tó lè mú un nírọ́. Ṣe ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ wọ́. Ní Wales, mo yọjú wò ó, ó ní àárín ni, mo sì lọ jókòó jẹ́jẹ́ ti fíríìjì tó ń ba ẹran mi jẹ́.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ni táyà òsì fi relẹ̀. Mẹ́rin péré! Ogún ìṣẹ́jú, a ti ṣe tán.

Owó tí mo kó lé ike onígẹ̀ẹ́rẹ́ yẹn, mi ò bá ti fi ra lẹ́fẹ́ẹ̀lì gígùn ná. Pákó tó nípọn ìbá ṣe iṣẹ́ ike. Ẹ sì fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ilẹ̀ bá rọ̀. Mẹ́ta ni mo fi sí, mo fi ẹ̀kẹrin gbé ìkòkò lé. Ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ti rì sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí a gbé sínú fíríìjì ti dì gbagidi. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì òpùrọ́ yẹn ṣì wà lára irin títí dòní, gúlùù rẹ̀ kọ̀ kò ṣí. Mo ti fi téèpù dúdú dì í lójú.