Ẹ̀rọ léésà ò dún, gáàsì ń jò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta gáàsì ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pè mí wá wo ẹ̀rọ léésà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èyí tí wọ́n máa ń fi ìtànṣán wá gáàsì tó ń jò. Ó na ẹ̀rọ náà sí ẹnu sílíńdà kan, kò dún. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò rí i pé kò jò?" Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi kànìnkànìn pa á sí ẹnu fáàfù. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí àkàrà nínú epo gbígbóná.

Ẹ̀rọ ọ̀hún ò bàjẹ́ o. Mítéènì, irú gáàsì kan, nìkan ni ọ̀pọ̀ irú léésà bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ìtànṣán tí ojú ò rí, tí ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bíi 1.65 màíkírómítà, ni wọ́n ń ta. Mítéènì á gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì ka ìyókù tó padà. Propane àti butane ni gáàsì ìdáná wa, kì í ṣe mítéènì. Ọkọ̀ tó ń lo CNG (gáàsì tí wọ́n fún pọ̀, tí mítéènì pọ̀ jù nínú rẹ̀) tàbí kòtò ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fi ń ṣe gáàsì ni kí ẹ gbé léésà yẹn lọ wò. Ti ìdáná, omi ọṣẹ ni, àti imú yín, àti ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un gan-an. Kí ẹ gbé ìyẹn sí ìsàlẹ̀, nítorí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Mítéènì ló fúyẹ́, tó ń gòkè.

Ẹ má na léésà sójú ọ̀run. Ó gbọ́dọ̀ ba ògiri, ilẹ̀ tàbí ewé kí ó tó lè padà. Iná àwọ̀ ewé tí ẹ ń rí, ti ìtọ́ka ni, òun kọ́ ló ń wọn gáàsì.

Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ máa ń tan èèyàn. Ppm-m ni: bí gáàsì ṣe pọ̀ tó (ppm, ìyẹn ìdá mélòó nínú mílíọ̀nù kan), ní ìlọ́po gígùn ibi tí ìtànṣán gbà kọjá, ní mítà. 500 lè jẹ́ 500 ppm nínú mítà 1, ó sì lè jẹ́ 50 nínú mítà 10. Ẹ má fi sọ pé yàrá kan ò lè gbiná.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn ní ẹ̀rọ tó ń ríran láti bíi mítà 30, kó tún wọ inú yàrá lọ. Ẹ dúró síta, ẹ na án gba gíláàsì fèrèsé, kó dagun díẹ̀.

Sílíńdà Under G yẹn, a gbé e sí gbangba, a ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan síwíìṣì títí òórùn fi lọ.