Bẹ́ ẹ ṣe lè wọ fẹ́lóṣíìpù ICU l'Amẹ́ríkà tó bá jẹ́ sọ́jẹ́rì lẹ kọ́

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ wà nínú rẹ́sídẹ́ńsì sọ́jẹ́rì (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ abẹ) l'Amẹ́ríkà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó tẹ́ ẹ ń fòru kàwé USMLE, ìdánwò dókítà l'Amẹ́ríkà, fẹ́lóṣíìpù (ẹ̀kọ́ àfikún) surgical critical care ni mo fẹ́ sọ lónìí, èyí tó ń sọ oníṣẹ́ abẹ di ọ̀gá nínú ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ọdún kan péré ni. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòroó wọ̀, lọ́pọ̀ ọdún àyè tó wà máa ń ju èèyàn tó ń wá a lọ, match, ìyẹn ètò tó ń pín dókítà sílé ìwòsàn, á ti parí táwọn ilé ìwòsàn kan á ṣì máa wá fẹ́lò kiri. Ìwé ẹ̀rí ni wàhálà ibẹ̀.

American Board of Surgery ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí yẹn, àtọdún 1986 ni wọ́n ti ń fún àwọn oníṣẹ́ abẹ. Àmọ́ wọn ò ní fún yín láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ gba ti general surgery lọ́wọ́ wọn, rẹ́sídẹ́ńsì tí wọ́n fọwọ́ sí ló sì ń gbé èèyàn dé bẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti parí sọ́jẹ́rì nílé, wọ́n ti gba fellowship West African College of Surgeons, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àṣekágbá sọ́jẹ́rì lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ wọn já fáfá ní tíátà, ilé ìwòsàn kan l'Amẹ́ríkà wá gbà wọ́n torí àyè ṣẹ́ kù. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún yẹn, ìwé ilé ìwòsàn yẹn lẹ máa mú jáde, kì í ṣe ti Board. Èrè ibẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá á rí bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á kọ lẹ́tà fún yín, ẹ lè fi wá rẹ́sídẹ́ńsì. Kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi ẹni tó ń darí ètò náà pé àwọn tó wá bíi tiyín tẹ́lẹ̀, níbo ni wọ́n wà báyìí. Tó bá ń ṣe ẹ̀n-ẹ̀n tí ò lè dárúkọ ibì kankan, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ́sídẹ́ńsì, òfin gbà yín láyè láti ṣe fẹ́lóṣíìpù yìí lẹ́yìn ọdún kẹta, kẹ́ ẹ wá padà lọ parí sọ́jẹ́rì. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó padà dé tíátà ọwọ́ á ti le díẹ̀, ẹ parí ọdún márààrún kẹ́ ẹ tó lọ. SAFAS, ìkànnì táwọn fẹ́lóṣíìpù yìí ti ń gba fọ́ọ̀mù, lẹ máa gbà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ kọ personal statement (ọ̀rọ̀ nípa ara yín) tí kò gùn, kí ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn tó máa kọ lẹ́tà fún yín jẹ́ oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣiṣẹ́ ICU. Tó bá di ìgbà tẹ́ ẹ máa to orúkọ àwọn ilé ìwòsàn fún NRMP, àjọ tó ń ṣe match, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe àkọ́kọ́, ẹ má máa méfò ibi tó máa mú yín.

Ní intafíù, ẹ béèrè bóyá ICU wọn ṣí sílẹ̀ ni àbí wọ́n tì í. Tí wọ́n bá tì í, àwọn dókítà ICU ló ń pàṣẹ, ẹ̀yin lẹ máa kọ oògùn, ẹ̀yin lẹ máa yí ẹ̀rọ tó ń báláìsàn mí. Tó bá ṣí sílẹ̀, oníṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ló ni aláìsàn ẹ̀, ìmọ̀ràn lásán lẹ máa gbà á, tí kò bá sì fẹ́ gbọ́, ó parí. Ibi tí wọ́n bá tì í ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ tún béèrè bí tíátà ṣe máa pọ̀ tó, torí ọdún ICU ni, ọ̀bẹ ò ní pọ̀ lọ́wọ́ yín.

Kẹ́ ẹ tó dé bẹ̀, ẹ mọ ẹ̀rọ mímí yẹn dáadáa. Bíi báyìí: ọkùnrin kan tí mọ́tò gbá, ó wọn 110 kílò, gíga ẹ̀ jẹ́ 175 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti ń kún fómi. Báwo ni èémí kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ máa fún un ṣe máa pọ̀ tó? Tẹ́ ẹ bá fi 110 kílò ṣe é, mílílítà 6 fún kílò kan, 660 ni, ó ti pọ̀ jù. Gíga la fi ń ṣe é. Ẹ yọ 152.4 kúrò nínú 175, ẹ sọ ohun tó kù di ìlọ́po 0.91, kẹ́ ẹ fi 50 kún un torí ọkùnrin ni (45.5 fún obìnrin), ó máa jẹ́ bíi 70.6 kílò. Ìlọ́po 6 ẹ̀ ni èémí kọ̀ọ̀kan, bíi 420 mílílítà. Ìwádìí ARDSNet, ti àwọn oníwádìí ẹ̀dọ̀fóró l'Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2000 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀: àwọn tí wọ́n fún ní 12 fún kílò kan, bíi 40 nínú 100 ló kú, àwọn tó gba 6, 31. Ẹ̀dọ̀fóró ò sanra pẹ̀lú ikùn.

Tẹ́ ẹ bá ń ròyìn aláìsàn láàárọ̀, ẹ tò ó láti ọpọlọ, ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, ikùn, kíndìnrín, lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi FAST HUG parí ẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ ohun méje tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lédè òyìnbó: oúnjẹ, oògùn ìrora, oògùn oorun, ẹ̀jẹ̀ dídì, gbígbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ọgbẹ́ inú, ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ dídì làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, pàápàá lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé.

Tó bá jẹ́ tráúmà, ìtọ́jú àwọn tó fara pa, lẹ fẹ́ràn, fẹ́lóṣíìpù ti AAST, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ tráúmà l'Amẹ́ríkà, jẹ́ ọdún méjì, ọdún àkọ́kọ́ ni ICU, ìkejì ni iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì. Iṣẹ́ ò wọ́n lẹ́yìn ẹ̀, ilé ìwòsàn tráúmà Level I, ìpele tó ga jù, gbọ́dọ̀ ní oníṣẹ́ abẹ tó ní ìwé ẹ̀rí ICU tó ń darí ICU wọn.

Físà ńkọ́? H-1B, físà iṣẹ́, gbọ́dọ̀ ní Step 3, ìpele kẹta USMLE. J-1, físà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ò ju ọdún méje lọ lápapọ̀, márùn-ún ti sọ́jẹ́rì ti wà nínú ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa padà sílé fọ́dún méjì àyàfi tẹ́ ẹ bá rí waiver, ìyẹn ìyọ̀ǹda pé kẹ́ ẹ má padà. Waiver ti ètò Conrad, àyè 30 ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní lọ́dún, ọdún mẹ́ta lẹ sì máa fi ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà ti wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, nígbà yẹn fẹ́lóṣíìpù ò tíì pé oṣù mẹ́rin, torí náà ẹ wá iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí lọ́yà sì ti wà lọ́wọ́.