Bí mo ṣe sọ àpótí dígí àlòkù di ilé ẹja

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kó kúrò ní àdúgbò wa n'Íbàdàn ló tà á fún mi: àpótí dígí tí wọ́n fi ń sin ẹja, 60 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 30 ní ìbú, 30 ní gíga. "Ẹ̀gbọ́n, kò jò rárá," ló wí fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé e relé, àmọ́ mo ní kí omi fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí sí i.

Mo gbé e sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú lẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ ìwé ìròyìn gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, mo pọn omi kún un. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá bọ́ sórí ìwé yẹn, ẹ óò rí i. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, igun kan ti tutù rinrin.

Àtúnṣe igun yẹn ló gba àkókò mi jù. Sílíkóònù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé dígí, tuntun rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ dáadáa, torí náà ẹni tó bá kàn fa tuntun lé ògbólógbòó lórí, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi jò. Abẹ ni mo fi ha gbogbo ti inú kúrò, láti igun dé igun, mi ò sì fọwọ́ kan èyí tó so dígí mọ́ dígí. Mo fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀, ó gbẹ, mo wá fa tuntun, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á o. Èyí tí wọ́n bá kọ sí pé ó ń pa èbu, ti ilé ìwẹ̀ ni. Oògùn inú rẹ̀ á pa ẹja. Èyí tí mo fà, bó ṣe ń gbẹ ló ń rùn bíi fínígà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi í sílẹ̀ títí òórùn náà fi lọ pátápátá. Mo tún pọn omi kún un fún ọjọ́ méjì, ìwé ìròyìn gbẹ táútáú.

Fínígà gan-an ni mo fi nu àwọ̀ funfun tí omi ti fi sára dígí. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án.

Káfíńtà bá mi kan tábìlì tó nípọn. Omi lítà 54 ló ń gbà, kílò 54 nìyẹn, ó ti ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ kí a tó da yanrìn sí i. Mo tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, kí òkúta wẹ́wẹ́ kankan má baà la dígí. Yanrìn odò ni mo lò, mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara. Omi kànga ni mo rọ sí i. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ní láti wá nǹkan ṣe sí klórínì inú rẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, kí ẹja tó kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo da ẹja mẹ́fà sínú omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn, kò ku ọ̀kan nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún. Ó dùn mí títí dòní. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ ló ń di amóníà, májèlé sì ni fún ẹja. Àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń sọ ọ́ di nitrite, àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di nitrate, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Inú asẹ́ omi àti yanrìn ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í dé lọ́jọ́ kan.

Torí náà, ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní fóòmù dídọ̀tí láti inú asẹ́ omi tirẹ̀, mo tì í bọ inú tèmi, mo ń wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀díẹ̀ sí omi tí kò sí ẹja nínú rẹ̀, kí amóníà lè wà fún àwọn kòkòrò yẹn. Ojoojúmọ́ lọmọ mi obìnrin ń bi mí pé, "Dádì, ẹja dà?" Oògùn àyẹ̀wò omi di àwọ̀ ewé lọ́sẹ̀ kejì: amóníà ti dé. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó padà di yẹ́lò, nitrite náà ti di òdo. Bí iná ọba bá lọ, ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, kí àwọn kòkòrò yẹn má baà kú.

Takọtabo Pelvicachromis pulcher ni mo rà, èyí tí àwọn tó ń sin ẹja lókè òkun ń pè ní kribensis. Odò gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni wọ́n ti wá, ó sì dùn mí pé a kò mọ̀ wọ́n tó bó ti yẹ. Mo da àpáàdì ìṣaasùn ìyá mi tó fọ́ délẹ̀ fún wọn, wọ́n fi ṣe ilé. Kò pé oṣù méjì tí ikùn abo fi pọ́n bí osùn, ó wọ abẹ́ àpáàdì, kò fẹ́ jáde mọ́. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ, ó kó àwọn ọmọ jáde, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn bí eruku.

Pupa ẹyin sísè ni mo ń fún wọn, mo ń fún un gba inú aṣọ mímọ́. Ìwọ̀nba bí orí abẹ́rẹ́ ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi á bàjẹ́.