Àmọ̀ràn lórí fáìlì DLL fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo Wine lórí Linux
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń fi Wine lo ètò Windows lórí Linux, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn da fáìlì DLL (fáìlì kóòdù tí àwọn ètò Windows máa ń pè lò) sínú fódà kí ẹ sì máa retí pé yóò ṣiṣẹ́. Wine ní DLL tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó kọ́kọ́ lo èyí tí ẹ mú wá, ẹ ṣí winecfg (ètò tí a fi ń ṣètò Wine), ẹ lọ sí abala Libraries, ẹ kọ orúkọ fáìlì náà, kí ẹ sì yan «Native then Builtin» (ti yín kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti Wine). Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: nínú prefix (fódà tí Wine ń kó ètò Windows àti ìṣètò wọn sí) oní-bíìtì 64, inú fódà system32 ni DLL oní-bíìtì 64 ń gbé, syswow64 sì ni ilé ti oní-bíìtì 32, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí orúkọ wọn ń sọ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn DLL ìpìlẹ̀ bíi kernel32, ntdll, user32 àti gdi32 rárá, nítorí ti Windows kò lè ṣiṣẹ́ nínú Wine. Ó dára kí ẹ fi WINEPREFIX, èyí tó ń sọ prefix tí Wine yóò lò, ya àyè ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún ètò kọ̀ọ̀kan, kí àtúnṣe ọ̀kan má baà da òmíràn rú; fún ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí àpẹẹrẹ fún DLL riched20, WINEDLLOVERRIDES="riched20=n,b" (n,b ni Native then Builtin) níwájú àṣẹ wine ti tó.