Ìwé kékeré kan àti tírélà: bí mo ṣe wá ibi tí ọjọ́ wa ń sá wọ̀

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alájì, ní tírélà méjì l'Ógbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo ń bá wọn ṣe ìwé owó. Iṣẹ́ wa rọrùn láti ṣàlàyé: oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá tàbí Tin Can l'Ékòó, a ó lọ gbé kọ̀nténà rẹ̀ wá sílé fún un, bó bá tú ọjà kúrò nínú rẹ̀ tán, a ó dá òfìfo rẹ̀ padà. Èyí tí n kò lè ṣàlàyé ni bí tírélà ṣe ń lọ bí ẹni lọ s'Ékòó, tí á sì pẹ́ bí ẹni lọ sí Mẹ́kà.

Bí mo bá bi Bàbá Ìbejì, awakọ̀ wa àgbà, wọ́n á ní, "Wọ́ọ̀fù ni." Bí mo bá pe àjẹ́ǹtì tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde lẹ́bùúté, á ní tírélà wa ló pẹ́ dé. Bí Alájì bá wá kọjú sí èmi, n kì í ní èsì kankan. Ni mo bá ra ìwé kékeré kan ní Tákìé, mo so báírò mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní n ó bá tírélà lọ.

Bàbá Ìbejì kò fẹ́ ẹ. "Ṣé Alájì ló ní kí o wá máa ṣọ́ mi ni?" Mo ní rárá o, aago ni mo fẹ́ ṣọ́. Wọ́n wo ìwé ọwọ́ mi, wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ wọ èyí tó ṣeé fi gun mọ́tò.

A gbéra lọ́jọ́ Ajé, aago 4:40 ìdájí. Ẹ mọ̀ pé Ajílété la wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ: mọ́tò-bọ́ì wa ti jẹ àmàlà kí n tó dé, ó sì sùn láti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Ìbàdàn. Ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ọ̀yọ́ tóóró, kò gba ìkánjú. Kọ̀nténà òfìfo 20 fíìtì la gbé sẹ́yìn, ti oníbàárà tó ṣáájú. Èrò wa ni pé a ó sọ ọ́ kalẹ̀, a ó sì gbé ti Àlájà tó ń ta táìsì padà lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹni tó bá rin ìrìn àjò méjì fún iṣẹ́ méjì yìí, epo ni yóò jẹ èrè rẹ̀ tán. Nígbà tó di aago 2:15 ọ̀sán, a ti dé Àpápá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú mi, iṣẹ́ ti ń parí lọ nìyẹn.

Òfìfo ló kọ́kọ́ là mí lójú. Kì í ṣe ibi tó bá wu èèyàn ló ń dá a padà sí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ni kọ̀nténà ló ń sọ àgbàlà tí wọ́n á ti gbà á. Àgbàlà tí ìwé wa dárúkọ ti kún. Ọkùnrin tó wà ní géètì kò bú wa, kò sì bẹ̀ wá. Ó kàn nawọ́ sí inú ọgbà, níbi tí kọ̀nténà ti gun orí kọ̀nténà bí àkàrà lórí àtẹ, ó ní, "Ẹ padà wá lọ́la." Èmi lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan l'Ájégúnlẹ̀. Bàbá Ìbejì àti mọ́tò-bọ́ì sun inú mọ́tò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbà á ní aago 11:20. N kò rí bí wọ́n ṣe ń yẹ òfìfo wò rí. Ọmọkùnrin kan yí i ká, ó ń fọwọ́ pa ibi tó bá tẹ̀, lẹ́yìn náà ló wọ inú rẹ̀, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Àṣé ó ń wá ihò ni: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti lè wọlé, omi òjò náà á gba ibẹ̀ wọ orí ọjà ẹlòmíràn. Ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn ni oníṣòwò á fi gba owó ìdúró tó san sílẹ̀ lórí kọ̀nténà. Bí ìwé náà bá sọnù lọ́wọ́ awakọ̀, ìjà á ṣẹlẹ̀ nílé.

Mo wá pe àjẹ́ǹtì pé a ti ṣe tán láti gbé ẹrù Àlájà. Ó ní gbogbo nǹkan ti délẹ̀. Ó fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. TDO (Terminal Delivery Order) ni wọ́n ń pe ìwé yìí. Òun ni tẹ́mínà, ọgbà tí wọ́n ń já ẹrù sí lẹ́bùúté, fi ń jẹ́ kí ẹrù kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì ní ọjọ́ tó ń kú. Tiwa ti kú lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Owó ìpamọ́ tí wọ́n san kò kọjá ọjọ́ yẹn, a sì gbọ́dọ̀ san ti àwọn ọjọ́ tó lé kí wọ́n tó sọ ìwé náà dọ̀tun. Ẹ wò ó bí ọ̀kan ṣe bí èkejì: òfìfo tí wọn ò gbà lọ́jọ́ Ajé ló pa ìwé ẹrù tó wà nílẹ̀. Àjẹ́ǹtì ní òun rò pé ọjọ́ Àìkú la ó ti dé. Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́rú ni ìwé tuntun jáde. Ìgbà yẹn la tó lè gba àyè lórí Ètò.

Orúkọ yẹn wù mí, ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé lórí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 ni àjọ tó ń ṣàkóso àwọn èbúté, NPA, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Onítírélà á gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sanwó, ọkọ̀ á dúró ní ibùdó títí wọ́n á fi pè é, kó má baà jẹ́ pé gbogbo ayé ló máa kọrí sí géètì kan náà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Ìbejì mọ bó ṣe rí ṣáájú. Wọ́n sọ fún mi, bí a ṣe jókòó lábẹ́ òjìji tírélà, pé àwọn ti lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko rí lórí bíríìjì, tí wọ́n ń fi píọ̀ wọ́tà wẹ̀ láàárín táyà, tí wọ́n ń dáná lábẹ́ mọ́tò. "Bí o bá sùn, tí ẹni iwájú sún, ẹni ẹ̀yìn á gba àyè rẹ. A kì í sùn." Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni ń ráhùn. Bí ẹni ń ròyìn ogun tó ti lọ ni.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àyè tí a gbà. Wọ́n pè wá ní 6:10. Ó di 9:05 alẹ́ kí iwájú tírélà tó wọ géètì tẹ́mínà.

Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, wọ́n sì jàre, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìran wíwò. Mo bẹ Bàbá Ìbejì pé kí wọ́n fìláàṣì mi nígbà mẹ́ta: bí wọ́n bá wọlé, bí kéréènì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù wa, bí wọ́n bá jáde. Fìláàṣì kejì kò dé títí di 11:10. Nígbà tí wọ́n jáde ni mo gbọ́ ìdí rẹ̀. Kọ̀nténà méjì ló wà lórí tiwa. Kéréènì ní láti gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó kan ẹrù Àlájà. Gbogbo ìgbésókè-gbésílẹ̀ yẹn, owó àti epo ni fún tẹ́mínà pẹ̀lú. Ìdí kan nìyí tí àwọn náà fi fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó dé, kí wọ́n lè tú orí ẹrù sílẹ̀ dè é. Ní 11:50, fìláàṣì kẹta dé.

Mo jókòó sábẹ́ iná òpópónà, mo ṣírò rẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá tẹ́mínà bá sọ pé àwọn ń yára tú tírélà sílẹ̀, láti géètì ìwọlé dé géètì ìjáde ni wọ́n ń kà. Lójú tiwọn, a lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45. Láti ìgbà tí a ti dé Àpápá lójú tèmi, wákàtí 57 àti ìṣẹ́jú 35 ni. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ló yàtọ̀ sí ibi tí ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa Bàbá Ìbejì. Mo sì tún rí i pé púpọ̀ nínú wákàtí yẹn kò tilẹ̀ kan wọ́ọ̀fù. Fóònù tí ẹnikẹ́ni kò pe láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló jẹ ẹ́.

Kọ̀nténà Àlájà mìíràn dé lẹ́yìn oṣù kan. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò kúrò nílé. Mo ní ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí tírélà tó dé Àpápá. Ìkíní, mo ní kí àjẹ́ǹtì san owó ìpamọ́ dé ọjọ́ Ẹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́rú la fẹ́ gbé e. Ó kùn pé mo ń fi owó ṣòfò. Owó ọjọ́ méjì kò tó owó tírélà tó dúró lásán, mo ti fi ìwé kékeré mi ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ní kó pe àgbàlà òfìfo lówùúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe lánàá, kó bi wọ́n bóyá àyè wà. Mo gba àyè alẹ́ lórí Ètò. Mo ti kà á pé ní Los Angeles àti Long Beach l'Amẹ́ríkà, láti ọdún 2005 títí di 2018 ni wọ́n fi gbé owó lé orí ẹni tó bá wá gbé kọ̀nténà lọ́sàn-án, kí àwọn ọkọ̀ lè ya sí òru. Tiwa, ẹsẹ̀ ara wa la fi ya sí i.

Ìkẹrin ló gba ọjọ́ kan gbáko lọ́wọ́ mi: lọ́ọ̀kì mẹ́rin tó ń di igun kọ̀nténà mú mọ́ ẹ̀yìn tírélà. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta yí. Ìkẹrin ti dógùn-ún, kò yí rárá, okùn ni wọ́n ń fi ràn án lọ́wọ́ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Yàtọ̀ sí pé wọ́n lè dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà lẹ́nu géètì, ẹni tó bá rántí kọ̀nténà tó já bọ́ láti orí bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà ní 2015, àti èyí tó tún já níbẹ̀ ní 2023, kò ní bi mí ìdí tí mo fi gbé tírélà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní Àrójé. Bàbá Ìbejì dúró tì í, wọ́n ń wò ó bí ó ṣe ń jó irin, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 4:30 ìdájí, wọ́n gbéra. Wọ́n dé Àpápá ní 1:50. Òfìfo bọ́ sílẹ̀ ní 5:30. Wọ́n wọ géètì tẹ́mínà ní 8:40 alẹ́, wọ́n jáde ní 12:25 òru. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n lò nínú tẹ́mínà, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan wà lẹ́bùúté tí wọ́n ń já ẹrù rẹ̀, kéréènì kò sì ráyè wa. Bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà yẹn nìkan wọ̀n wá, á ní a ti bà jẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n dé di ìgbà tí wọ́n jáde, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 35 ni gbogbo rẹ̀.

Bàbá Ìbejì pè mí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, láti orí ọ̀nà. Wọn ò yìn mí. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo sun oorun wákàtí mẹ́rin." Mo kọ ọ́.

Nígbà tí mo ṣí ìwé náà láti kọ ọ́ ni ojú mi ba ojú ewé kan tí mi ò fẹ́ rántí. Ní ìrìn àjò àkọ́kọ́, tírélà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 6:30 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni táìsì tán nínú rẹ̀: wákàtí 44 àti ààbọ̀. Ọ̀nà tó lọ sí sítọ́ọ̀ Àlájà kò gba tírélà, orí làwọn ọmọkùnrin fi ń ru táìsì bíi tọ́ọ̀nù 27 láti ẹ̀bá títì wọlé, wọn ò sì dé lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́ gan-an. Gbogbo àkókò yẹn, owó ilé iṣẹ́ tó ni kọ̀nténà ń kà lọ, torí pé ìgbà tí òfìfo bá padà ni ó ń dúró. A ti ń pariwo wọ́ọ̀fù láti ọdún yìí wá.

Mo wọ bàtà, mo lọ bá Àlájà ní sítọ́ọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní tírélà á wọlé nírọ̀lẹ́, mo fẹ́ ọmọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́bàá títì láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la, àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù méjì dípò orí. Wọ́n ní ta ló ń san owó kẹ̀kẹ́. Mo ṣí ìwé, mo fi wákàtí 44 hàn wọ́n, mo sì fi ohun tó jẹ wọ́n lórí kọ̀nténà yẹn hàn wọ́n.

Wọ́n yọ gíláàsì wọn, wọ́n tún un fi sójú, wọ́n ka ojú ewé náà tán.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi náà ti wọ ìwé ẹ?"

"Ẹ ti wọ̀ ọ́, mà."

Wọ́n pe ọmọ tó wà lẹ́yìn káńtà pé kó lọ wá àwọn oníkẹ̀kẹ́ wá.