Bí o ṣe lè mọ ohun tí o fẹ́ nínú iṣẹ́, kó o sì lè sọ ọ́ lójú ọ̀gá

Ọ́fíìsì ìṣirò owó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, lágbègbè Táíwò, àwọn ọmọ Poly àtàwọn àgùnbánirọ̀ sì máa ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní tábìlì, màá bi í pé, "Kí lo fẹ́ mọ̀ kó o tó kúrò níbí?" Ọ̀pọ̀ wọn á wolẹ̀. Àwọn tó bá lanu á ní, "Mo fẹ́ ní ìrírí mà," tàbí "Mo fẹ́ di ènìyàn ńlá." Àdúrà nìyẹn, mo sì máa ń ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àfojúsùn tó bá pé, tí o bá sọ ọ́ létí ẹni tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́, kíá lẹni náà á mọ ohun tó yẹ kóun ṣe fún ọ.

Torí náà, mú bébà, kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Kọ ohun tí o fẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, kó o sì kọ ìgbà tó yẹ kó o ti lè ṣe é. Ọmọbìnrin kan láti Òkèlélé tó wá ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe, lọ́dọ̀ wa kọ́kọ́ kọ pé, "Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ ìṣirò owó dáadáa." Mo ní kó tún un kọ. Ó kọ "Mo fẹ́ mọ Excel." Ó ti ń sún mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó gbé èyí wá: "Kí oṣù kẹta mi níbí tó parí, mo fẹ́ lè fi ìwé owó wa wé ti báńkì fún oṣù kan gbáko, láìsí ẹni tó jókòó tì mí." Inú mi dùn, torí mo ti mọ ohun tí màá gbé fún un: ìwé tí báńkì tẹ̀ fún wa, ìwé owó tiwa, àti bírò pupa. Ó ń fi bírò náà sàmì sí owó kọ̀ọ̀kan tó bá bá ara mu, títí ó fi kan ṣẹ́ẹ̀kì tí a ti kọ fún ẹnì kan tí onítọ̀hún ò tíì lọ gbà ní báńkì. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún rán an lọ ra bisikíìtì.

Fún àfojúsùn tó jìnnà, ẹ̀yìn ni kó o ti máa kà á bọ̀. ICAN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1965 dá sílẹ̀, ń ṣe ìdánwò ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá, ìpele 3 ló sì ní. Tó bá jẹ́ ti oṣù kọkànlá lo fẹ́ ṣe, béèrè ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, ìgbà tó yẹ kí owó rẹ̀ pé, àti oṣù tí ìwé kíkà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni kó o kọ sára kàlẹ́ńdà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló wá kù, òun ló sì ń dùn mí jù. Ní ìlú wa, ọmọ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó pa á tì. Kí ọ̀gá dáadáa, kí ìkíni náà pé. Tó o bá ti dìde, gbé orí sókè, kó o sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ni kì í rí nǹkan gbà: "Ẹ má bínú mà, ẹ dákun mà, tí kò bá ní nira mà, mo kàn ní…" Fóònù á ti dún, ọ̀gá á ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń to rìsíìtì. Mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi ìwé wa wé ti báńkì. Ṣé mo lè jókòó ti ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ Àlàmísì tí wọ́n bá ń ṣe é?"

Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí o ti ṣe wà níbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì rọrùn láti dáhùn.

Yorùbá ni kó o kọ́kọ́ fi dán an wò nílé, kódà tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. Ohun tí kò bá tíì já gaara lédè tí o fi ń lá àlá, Gẹ̀ẹ́sì ò lè tún un ṣe. Sọ ọ́ sókè, fi fóònù gbà á sílẹ̀, kó o tẹ́tí sí ìparí gbólóhùn rẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ohun tí o kò mọ̀, má purọ́, má sì dákẹ́: "Mi ò tíì ṣe é rí sà, àmọ́ mo ti ṣe èyí tó sún mọ́ ọn," kó o wá sọ èyí náà fún wọn.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ti pinnu pé iṣẹ́ ìjọba nìkan niṣẹ́, má ṣe bá a jiyàn lójú ẹbí lọ́jọ́ ọdún. Lọ bá a lóun nìkan láàárọ̀, kó o mú bébà rẹ dání, kó o ka gbólóhùn náà fún un. Tó bá ní ẹ̀gbọ́n tí kì í kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà lọ.

Bí ọ̀gá bá sì ní rárá, dúpẹ́, kó o bi í pé: "Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀ mà, ìgbà wo ni kí n tún padà wá?" Kọ ọjọ́ tó bá dá síbi tí o ti máa rí i, kó o sì padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.