Ẹ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń lọ ya fọ́tò ní Wicklow, nílẹ̀ Ireland níbí, lásìkò òtútù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀rá tó ṣeé dì pa dání. Àárọ̀ Sátidé, mo wà létí adágún Glendalough, ìkùukùu bo òkè, inú mi ń dùn. Bí mo ṣe wọ mọ́tò tí mo tan híta báyìí, ojú lẹ́ńsì bá funfun bíi fèrèsé ilé ìdáná tí wọ́n ti ń ro àmàlà. Mo nù ún, ó tún bò. Ìta nínú òtútù ni kẹ́ ẹ ti di kámẹ́rà sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ nínú mọ́tò títí ara rẹ̀ á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ kọ́kọ́ yọ káàdì tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tètè wo fọ́tò yín, tẹ́ ẹ ò ní sùúrù, bí èmi náà ò ṣe ní in.